Fóònù Géèmù tí Ràbíátù Fi Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dán Wò

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, tí ẹ yà sí ọ̀nà tóóró tó wọ Ọjà'ba, ohùn Ràbíátù ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà lójú kan náà. Ìsọ̀ rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tóbi dáadáa.

"Ẹ má ra iyùn ní ìrakúrà o! Ẹ gbé e wá kí Ràbíátù bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni!"

Ọ̀nà mẹ́rin ló fi ń yẹ iyùn wò, gbogbo ará ìlà rẹ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n ní àmọ̀sórí. Yóò kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò di ojú, yóò fi ọwọ́ wọn bó ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn náà, yóò fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí iyùn gidi máa ń tutù, ike kì í tutù. Yóò mú ẹyọ kan, yóò fi kan eyín iwájú, yóò tẹ́tí sí bó ṣe dún. Ní ìparí, yóò tú okùn rẹ̀, yóò gbé ẹyọ kan sókè sí oòrùn, yóò sì yọjú wo inú ihò rẹ̀.

"Wọ́n lè kun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dà títí," ni yóò wí, "ṣùgbọ́n ta ló ráyè jókòó kó máa kun inú ihò?"

Àwọn oníyùn ìlà yẹn tún ní àṣà kan. Bí ọjà bá ti wọ́n, ẹni tó rà á yóò gbé e lọ sílé, ohun tó fẹ́ fi san án yóò sì sun ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹnìkẹta, kí kálukú lè fara balẹ̀ yẹ ohun tó gbà wò. Ìsùnkan ni wọ́n ń pè é. Bàbá Sàláúdéènì tó ń ta ọṣẹ dúdú ní òdìkejì ìsọ̀ Ràbíátù ni ẹnìkẹta wọn. Inú àpótí rẹ̀, lábẹ́ ọṣẹ, ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí owó àwọn oníyùn fi máa ń rùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Ẹ má gbàgbé ihò yẹn o, ẹ má sì gbàgbé ìsùnkan. Ràbíátù alára gbàgbé ọ̀kan, èkejì ló yọ ọ́.

Ràbíátù ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mutmainnah, ọmọ ogún ọdún. Ó ti jáde girama, kò tíì rí iléèwé gíga wọ̀, géèmù orí fóònù ló sì fi ń lo ọjọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ géèmù yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

"Àtàǹpàkò ẹ á jẹ tán lọ́jọ́ kan!" ni ìyá máa ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràbíátù wọ agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnká, ó sì gbọ́ tí ọmọ náà ń pariwo nínú yàrá.

"Gabriel, má kúrò lẹ́nu odi! Sọ̀fíyàt, gba apá òsì! Kẹ́hìndé, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ!"

Ràbíátù rò pé àwọn jàǹdùkú ti dé. Ó fa ìgbálẹ̀ yọ, ó sáré wọlé. Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀ àfi Mutmainnah lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́, òógùn lójú. Géèmù kan tí ẹni mẹ́rin fi ń ṣọ́ odi ìlú ni wọ́n ń gbá. Kálukú wà nílé tirẹ̀, Mutmainnah ló sì ń darí wọn.

Ràbíátù gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ohùn mi rèé," ni ó wí. "Èmi ni mo bí ẹ lóòótọ́."

Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti parí.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n kéde ìdíje géèmù yẹn gan-an, ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́lété, lọ́jọ́ Sátidé. Ikọ̀ tó bá borí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n kálukú ni yóò gbé fóònù tirẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Fóònù Mutmainnah ti gbó. Bó bá ti lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú géèmù, á gbóná bí ìkòkò ẹ̀kọ, á sì kú.

Gabriel, ọmọ Kúdẹtì tó kó ikọ̀ wọn jọ, pè é lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Àbúrò, má bínú sí mi," ni ó wí. "Tí fóònù yẹn bá tún kú mọ́ wa lọ́wọ́, odi wó nìyẹn. Tó bá fi máa di Fúráìdè tí o ò tíì rí èyí tó dáa, a máa ní láti mú ẹlòmíì."

Mutmainnah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó dun ìyá rẹ̀ dénú eegun. Ọmọ tó ti ń jókòó sílé láti ọdún méjì, ilẹ̀kùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí fún un, fóònù ló wá fẹ́ tì í mọ́ ọn lójú!

Nígbà tó di ọjọ́ Wẹ́sidé, Ràbíátù bọ́ iyùn ọrùn rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, iyùn tó máa ń wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Kò sí ohun tó níye lórí tó o nínú ilé wọn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyùn Ìyá Àgbà ra nǹkan nítorí mi," ni Mutmainnah wí.

"Iyùn ò lè kọ́ kọ̀ǹpútà," ni Ràbíátù dá a lóhùn. "Ìwọ lo lè kọ́ ọ. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ní Bẹẹrẹ, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ọkùnrin kan ti gbé tábìlì kékeré kalẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so káàdì mọ́ ọrùn, kò sì sẹ́ni tó tíì ka ohun tó wà lára káàdì náà rí. Ọ̀gá Ọ̀rìjínà ni ó ní kí wọ́n máa pe òun.

"Fóònù géèmù?" ni ó wí. "Màmá, ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wá. Ẹ wo Tọ́ńdà Máàsì! Ọ̀dọ̀ wọn lókè òkun, òun ni àwọn ọ̀gá nídìí géèmù ń lò."

Ó tan fóònù náà. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Fáànù kékeré kan tún wà níbẹ̀, tí ó ní òun ló máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí fóònù kó má baà gbóná. Owó tó sì pè é kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Mutmainnah wí, "ṣé kí n da géèmù wa sí i, kí n fi gbá díẹ̀?"

"Àbúrò, tuntun ni o. Bátìrì ẹ̀ ò tíì kún, mi ò sì ní dátà níbí. Wo mẹ́mọ́rì tó wà nínú ẹ̀!" Ó ṣí ojú ewé kan, ó fi nọ́ńbà gàgàrà kan hàn án. "O ti rí irú ẹ̀ rí?"

"Sà, nọ́ńbà yẹn ti pọ̀ jù..."

"Mutmainnah, sinmi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbé e fún mi."

Ó gbé fóònù lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó di ojú. Fóònù náà wúwo. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù minimini. Ó wá fi etí fóònù náà kan eyín iwájú, ó sì dún kọ́. Àwọn ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n dúró ń wò ó. Ọ̀gá Ọ̀rìjínà alára ya ẹnu sílẹ̀.

"Ojúlówó ni," ni Ràbíátù kéde.

"Màámi, wọn kì í fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ fóònù wò."

"Àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ò gbọ́n nìyẹn."

Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Mutmainnah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ ò tíì wo ihò ẹ̀, Màámi. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ihò ló parí ẹ̀."

"Fóònù ò ní okùn. Ibo ló ti fẹ́ ní ihò?"

Ibi tí Ràbíátù ti ṣìnà rèé. Ẹni tí kò sí ẹni tó lè ta ayédèrú ìlẹ̀kẹ̀ fún láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó rò pé ohun gbogbo tó bá wúwo tó sì tutù, ojúlówó ni.

Nígbà tó fa iyùn yọ pé òun lòun fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀, ojú Ọ̀gá Ọ̀rìjínà dán. Ó mọ iyùn. Kódà nígbà tí Ràbíátù sọ pé yóò sùn kan lọ́dọ̀ Bàbá Sàláúdéènì, kò janpata. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ fóònù wò, kí ló fẹ́ rí kó tó di ọ̀la?

"Mo máa wá gbà á lọ́la lẹ́yìn ìrun Àlàásárì," ni ó wí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí Ọjà'ba. Ọkàn Ràbíátù ti balẹ̀ débi pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúkú gbé e fún un. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

"Kò tíì sùn kan," ni Bàbá Sàláúdéènì wí. Ó fi ọ̀rá wé iyùn, ó tì í sábẹ́ ọṣẹ, ó pa àpótí dé, ó sì jókòó lé e lórí. "Tó bá sùn kan, á jáde. Ẹ kú ọjà o."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àílà, Mutmainnah wá bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ojú rẹ̀ kò dùn ún wò.

"Màámi, fóònù yìí ń dúró, ó ń lọ. Mo ní kó sọ̀tún, ìgbà tó bá wù ú ló ń sọ̀tún."

"Tuntun ni. Kò tíì mọ ilé ni."

Oníbàárà kan tó dúró lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. Jemima ni, ọmọ tíṣà kan, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́lété. Fóònù ló ń tún ṣe. Ó wá wo ìlẹ̀kẹ̀ tí Ràbíátù ń sín fún un, tó fẹ́ fi ṣe ìdána.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ máà bínú, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ n rí fóònù náà."

Ràbíátù gbé e fún un tayọ̀tayọ̀. "Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó wúwo, ó sì tutù. Mo ti fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ò parọ́, Màmá. Ó tutù lóòótọ́," ni Jemima wí. "Ṣùgbọ́n kò tíì ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Fóònù tó ń sùn, kí ló fẹ́ mú un gbóná? Ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́ ṣe."

Ó kọ́kọ́ tẹ àmì ìràwọ̀, àmì háàṣì, òdo, ẹẹ́fà, àti háàṣì mìíràn. Nọ́ńbà gígùn kan yọ sójú fóònù.

"Orúkọ àbísọ fóònù nìyí. Kò sí fóònù méjì tó yẹ kó jẹ́ irú ẹ̀. Àbúrò, ka èyí tó wà lára páálí ẹ̀ fún mi."

Mutmainnah kà á. Láti orí nọ́ńbà kẹta ni wọn kò ti bára mu mọ́.

"Ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ," ni Jemima wí. "Ó dáa. Fi ìka mẹ́rin tẹ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mutmainnah fi ìka mẹ́rin tẹ̀ ẹ́. Méjì péré ni fóònù mọ̀.

"Ìdí tó fi ń dá ẹ lóró nìyẹn. Nínú géèmù, wàá máa rìn, wàá máa yìnbọn, wàá tún máa wẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan náà ni. Fóònù tó mọ ìka méjì péré, ìpè ló wà fún, kì í ṣe ogun."

Ó wá fi fíìmù ńláńlá ránṣẹ́ láti inú fóònù tirẹ̀ sínú Tọ́ńdà Máàsì. Fóònù tó ní àyè inú òun fẹ́ẹ̀ gba gbogbo fíìmù ayé, fíìmù kẹta kò tíì wọlé tán tó fi ké pé òun ti yó.

"Nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n fi hàn yín, kíkọ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀," ni Jemima wí. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sójú fóònù. Ohun tí fóònù bá ṣe ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́."

Mutmainnah wá ṣí géèmù. Ràbíátù ń wo aago. Ní ìṣẹ́jú kẹta, àwọn ọmọ ogun inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí èèrà ń jẹ. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, Mutmainnah ní ọwọ́ ń jó òun. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, fóònù kú, gbogbo iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣe yẹ̀ríyẹ̀rí bí ẹni pé kò sí nǹkan.

"Fáànù yẹn ńkọ́?" ni Ràbíátù béèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Màmá, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá yẹ iyùn wò tán?"

Ràbíátù wo Jemima. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo máa ń wo inú ihò ẹ̀."

"Fóònù náà ní ihò o. Ṣé kí n tú u?"

"Tú u," ni Bàbá Sàláúdéènì wí láti orí àpótí rẹ̀. "Ìsùnkan fàyè gbà á pé ká tú okùn."

Jemima mú irin kékeré tí wọ́n fi ń tú ìdè fóònù jáde nínú báàgì, ó ṣí ẹ̀yìn Tọ́ńdà Máàsì. Bátìrì rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ. Fáànù náà kò ní wáyà kankan nídìí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Pàlàbà irin kan ló gba gbogbo àyè tó kù, irin gbàǹgbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju pé kó wúwo lọ.

Bàbá Sàláúdéènì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àpótí ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ràn káàkiri. Ojú ti Ràbíátù débi pé ó fi gèlè bojú, kó tó di pé ẹ̀rín gbé òun náà.

"Irin ni mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ẹ gbà mí o, irin ni mo fi kan eyín!" Ó wá dìde gìrì. "Iyùn ìyá mi!"

"Ó wà lábẹ́ ọṣẹ," ni Bàbá Sàláúdéènì wí.

Ràbíátù kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Ọ̀rìjínà dé lẹ́yìn Àlàásárì, ó bá irin náà lórí àtẹ, ó sì bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó ti jókòó dè é.

"Ẹ ti tú u!" ni ó pariwo. "Ọjà tẹ́ ẹ ti tú ò ṣeé dá padà!"

"Ìwọ fúnra ẹ lo gbà pé kó sùn kan," ni Bàbá Sàláúdéènì wí.

Ràbíátù gbé irin náà lé e lọ́wọ́. "Di ojú ẹ, fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣé ó wúwo? Fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ọkùnrin náà ní bí wọ́n ṣe ta tirẹ̀ fún òun náà nìyẹn. Akọ̀wé ní kó ṣí báàgì rẹ̀. Tọ́ńdà Máàsì méje ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló wúwo, nọ́ńbà àbísọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú báàgì rẹ̀; irin yẹn nìkan ló kù sórí àtẹ.

Gbogbo ọjà ń dunnú, àfi Mutmainnah. Ó jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Iyùn ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n ọ̀la ni Fúráìdè, kò sì sí fóònù.

Jemima rí i. "Màmá, ẹ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́lété láàárọ̀ ọ̀la," ni ó wí.

Fóònù tí Jemima gbé kalẹ̀ láàárọ̀ Fúráìdè kò wu Ràbíátù rárá. Àlòkù ni. Dúdú ni, kò níná lẹ́yìn, igun rẹ̀ kan ti hó. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́: ó fúyẹ́. Ó fi kan eyín: kò dún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí irin, ó gbé e mì.

"Gbá a," ni ó wí fún Mutmainnah. "Mo jókòó tì ẹ́."

Mutmainnah gbá a fún odindi wákàtí kan. Fóònù náà mọ gbogbo ìka rẹ̀. Kò fò, kò dúró. Iná bátìrì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Nọ́ńbà àbísọ rẹ̀ bá ti ara páálí mu, ó sì bá ti ara rìsíìtì ẹni tó kọ́kọ́ rà á mu, nítorí Jemima kì í ra fóònù tí kò bá ní rìsíìtì. Ó ní ẹni tó bá ra fóònù olè, òun ni ọlọ́pàá yóò bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa, iye tí wàá gbà ńkọ́?" ni Ràbíátù béèrè.

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdána mi, Màmá. Tèmi, àti ti àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Ẹ bá mi sín gbogbo ẹ̀."

"Mo gbà!"

Jemima kọ rìsíìtì tuntun, ó kọ nọ́ńbà àbísọ fóònù sí i, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó sùn kan lọ́dọ̀ yín o, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìlẹ̀kẹ̀," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mutmainnah ti ń pe Gabriel ní tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn Mọ́lété kún fọ́fọ́. Ràbíátù wọ iyùn rẹ̀, ó jókòó síwájú. Òye géèmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ yé e, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ rẹ̀ yé e dáadáa.

"Gabriel, dúró! Kẹ́hìndé, wọlé! Sọ̀fíyàt, mú un, mú un, mú un!"

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn gba ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ní ìdajì rẹ̀, fóònù ẹnì kan nínú ikọ̀ kejì kú. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣe yẹ̀ríyẹ̀rí. Ràbíátù rí i láti orí àga rẹ̀, àánú ọmọ náà sì ṣe é gidigidi, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìtú u. Odi àwọn Mutmainnah kò wó. Àwọn ló borí.

Ràbíátù sáré gun orí pèpéle kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni ó wí.

"Ó ṣiṣẹ́ ni, Màámi."

Ràbíátù bọ́ iyùn ìyá rẹ̀, ó fi sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Iyùn náà ṣì ń rùn bí ọṣẹ dúdú.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ Ràbíátù lónìí, ẹ ó rí i pé ó fi okùn so irin yẹn kọ́ sáàárín ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níbẹ̀ pé òun fẹ́ ra fóònù géèmù, ó ti há sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Ràbíátù yóò kọ́kọ́ ní kó fi ọwọ́ wọn irin náà. Lẹ́yìn náà ni ìwàásù yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìwàásù náà rèé, àwa tí à ń la ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa ọjà rírà sì bá a fọwọ́ sí i. Ẹ má fi bó ṣe wúwo, bó ṣe tutù tàbí bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń tàn mọ fóònù. Bí owó rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹ béèrè ìdí. Ẹ tẹ nọ́ńbà àbísọ rẹ̀ jáde, ẹ fi wé ti ara páálí, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ ojú rẹ̀. Ẹ gbé dátà yín dání lọ, ẹ da géèmù tí ẹ fẹ́ gbá gan-an sí i, kí ẹ sì gbá a fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bó bá ń jóni lọ́wọ́, tó ń fò, tó ń kú, ẹ dá a padà fún un. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi tó ẹgbẹ́ ọlọ́jà létí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì yé yín, ẹ mú ẹni tó yé dání, kódà kó jẹ́ ọmọ tí ẹ bí.

Ràbíátù fẹ́ràn ibi tó kẹ́yìn yìí jù. Bó bá ti dé ibẹ̀, á na ọwọ́ sí àwòrán Mutmainnah tó lẹ̀ mọ́ ara ìsọ̀, á sì gbé ohùn sókè kí ìlà àwọn oníyùn lè gbọ́.

"Ọmọ yìí sọ fún mi ní Bẹẹrẹ pé kí n wo ihò ẹ̀. Èmi ni mo ní kó sinmi!"